Òkè Abẹ́ Ibùsùn

Nígbà tí Rolland Kubicek àti ìyàwó rẹ̀, Twyla, ta ilé ńlá wọn ní ìlú Pueblo, tí wọ́n kó lọ sí ilé oníyàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀: níbo ni ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí Rolland fi ń ṣeré máa gbé? Nílé àtijọ́, gbogbo yàrá abẹ́ ilé pátá ni ọkùnrin yìí fi tẹ́ irin ọkọ̀ kéékèèké sí. Ó gba iwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ àgbá omi gbígbóná, débi pé tí Twyla bá fẹ́ fọ aṣọ, àfi kó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ afárá kọjá. Obìnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà dín ínǹṣì kan ló ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ọdún mọ́kànlélógún gbáko. Nílé tuntun yìí, ó ní òun ò ní bẹ̀rẹ̀ fún afárá kankan mọ́ láyé òun.

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n fẹnu kò. Àdéhùn náà ò le rárá. Ohun tó bá lè wọ abẹ́ ibùsùn, kí Rolland máa kọ́ ọ. Èyí tí ò bá lè wọ abẹ́ ibùsùn, kó gbàgbé ẹ̀. Rolland bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé òun gbà. Lọ́jọ́ kejì ló mú rúlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ó wọn abẹ́ ibùsùn náà. Ínǹṣì méje ló bá níbẹ̀.

Ẹ bá mi wò ó. Ínǹṣì méje ló ní, òkè ló sì fẹ́ kọ́. Ẹlòmíì ì bá kọ́ ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó fi máàlù díẹ̀ sí i, kó máa jayé orí ẹ̀ lọ. Rolland kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òkè ni òun máa kọ́, òkè náà sì lórúkọ: Òkè Kettle, níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti hú irin ibẹ̀ tà kí wọ́n tó bí Rolland. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ò ju fọ́tò mẹ́ta àti máàpù kan tí eku ti jẹ létí lọ.

Ọwọ́ Rolland kì í gbọ̀n, ìyẹn ni mo gbọ́dọ̀ fi yìn ín. Ogójì ọdún ló fi ṣe eyín àtọwọ́dá fáwọn dókítà eyín Pueblo, tó fi jẹ́ pé bí àgbàlagbà kan bá rẹ́rìn-ín sí i ládùúgbò, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló sábà máa ń wò. Sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń ṣe eyín ló fẹ́ fi ṣe òkè. Irinṣẹ́ tó fi ń gbẹ́ èrìgì ló fẹ́ fi gbẹ́ àpáta. Ó lọ ra irin tó kéré ju lọ nínú èyí tí wọ́n ń tà, èyí tí àlàfo àárín rẹ̀ ò fẹ̀ ju hóró àgbàdo kan lọ. Orí ọkọ̀ rẹ̀ ò gùn ju oríkèé ìka méjì. Ilé, igi, afárá, èèyàn, gbogbo ẹ̀ ló fi ìlọ́po igba ó lé ogún kéré sí ti gidi. Béèyàn bá lọ sín níbẹ̀, odindi abúlé ló máa wó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yàwòrán kó tó fọwọ́ kan fóòmù tó máa fi mọ òkè náà. Ọkọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ò lágbára àtigun ibi tó dagun. Tó bá rin ọgọ́rùn-ún ínǹṣì, ínǹṣì mẹ́rin péré ló lè fi gòkè. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kàn máa yí lójú kan náà ni. Nítorí náà, ṣe lèèyàn máa mú un yí òkè po, ìpele lórí ìpele, kó wọ ihò níbí, kó yọ lọ́hùn-ún, kó tún wọ ihò míì. Ìpele mẹ́rin ni Rolland yà, pẹ̀lú ihò méjì, ó sì fi àtíbàbà onígi sí góńgó òkè níbi tí ọkọ̀ ti ń sá fún yìnyín láyé àtijọ́. Ó ṣírò gbogbo ẹ̀, ó ní ínǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀, ó ku ààbọ̀ ínǹṣì. Ó yin ara ẹ̀, ó lọ mu bíà.

Oṣù karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Orí pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní táyà kéékèèké nídìí ló ti ń ṣiṣẹ́, tó máa ń fà jáde lábẹ́ ibùsùn láàárọ̀ tó sì máa ń tì padà kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Ó gé fóòmù, ó tẹ́ irin, ó da sìmẹ́ńtì. Bí ihò kọ̀ọ̀kan bá parí, ọkọ̀ tó gùn jù nínú gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tì gba inú ẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, nítorí béèyàn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá ti dì gan-an ni ọkọ̀ máa há sínú òkè, kò sì sí ọwọ́ tó máa tó o níbẹ̀. Kò sí ìlànà iṣẹ́ náà kan tí Rolland fò. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ìpele kẹta gbẹ, ó gbé rúlà lé e láti fi yangàn fún ara ẹ̀. Ínǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀ ló rí. Ìpele kẹrin ò tíì sí níbẹ̀ o, àtíbàbà ò tíì sí, góńgó òkè ò tíì sí.

Rolland wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, ìgbà yẹn ló tó rí i. Láti orí irin dé orí irin ló ti ń ka gbogbo ẹ̀. Kò rántí pé irin máa ń lélẹ̀ lórí nǹkan, àti pé nǹkan ọ̀hún nípọn. Ó pe Delbert Quintana lórí fóònù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníréluwé kékeré. Delbert gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó ní, "O ka irin, o gbàgbé ilẹ̀. Ṣé ojú òfurufú lọkọ̀ tìẹ fẹ́ máa gbà ni? Yọ ìpele kan kúrò, ọ̀gbẹ́ni, kó o sinmi."

Rolland ní òkè tó bá ti di ìpele mẹ́ta kì í ṣe Òkè Kettle mọ́. Delbert bi í pé kí ló wá jẹ́. Rolland ní páńkéèkì pẹlẹbẹ ni, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Fẹ̀gbẹ́fẹ̀gbẹ́, àyè ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ó lè fa ìpele kọ̀ọ̀kan gùn sí i kí ọkọ̀ lè gun ún. Sókè nìkan ni kò ti sí àyè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ibùsùn, èrò burúkú kan sì wọ inú ẹ̀ wá. Àdéhùn ni pé kí òkè wọ abẹ́ ibùsùn. Kò sẹ́ni tó sọ bí ibùsùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Rolland yìí kan náà tó jẹ́ pé bí irin bá fi ìbú irun orí kan yẹ̀, á tú u palẹ̀ á tún un tò, òun náà ló ń sọ fún ara ẹ̀ pé ta ni yóò mọ̀ pé ibùsùn fi ínǹṣì kan ga sí i. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò ó.

Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdé ni Twyla máa ń bá Jeannie Archuleta, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ lúwẹ̀ẹ́, wákàtí méjì ni wọ́n sì máa ń lò. Ní Wẹ́sìdé àkọ́kọ́, Rolland gbé jáàkì mọ́tò gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, ó fi ṣòkòtò tó dọ̀tí bò ó lórí. Ó fi jáàkì gbé ibùsùn ní igun kọ̀ọ̀kan, ó ki ègé igi onínǹṣì kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti kun àwọn igi náà ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ibùsùn, ó kùn ún débi pé òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn mọ̀. Twyla dé, ó jẹun, ó sùn. Kò fura rárá. Lọ́sẹ̀ kejì, Rolland fi ínǹṣì kan kún un. Ìpele kẹrin gòkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ínǹṣì kẹta, àtíbàbà gòkè. Nígbà tí góńgó òkè máa wọlé, ó di ínǹṣì kẹrin. Rolland fúnra rẹ̀, tí kò ga ju èjìká ìyàwó ẹ̀ lọ, ti ń fò kó tó lè dórí ibùsùn. Ó gbé páálí ìwé ìròyìn kan síbẹ̀ pé òun fẹ́ máa kàwé kóun tó sùn, ó sì ń gun ún bí àtẹ̀gùn.

Aṣọ ìtẹ́bùsùn ni Twyla kọ́kọ́ fura sí. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wọ́ nílẹ̀. Ní báyìí ilẹ̀ ń hàn lábẹ́ ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé tuntun yìí ti mú kó súnkì. Rolland ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí i tí Twyla jókòó sétí ibùsùn tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Ọmọ ìka nìkan ló ń kan kápẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó pẹ́, ó dìde, ó lọ po kọfí, wọ́n sì jókòó sídìí oúnjẹ.

"Rolland," ó ní, "ohun tó ṣe ìyá mi ti ń ṣe mí."

Rolland mọ ohun tó ń sọ. Obìnrin gíga ni ìyá Twyla náà. Nígbà tó pé ẹni àádọ́rin ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù fàlà sára ilẹ̀kùn kíṣìnnì níbi tí orí ẹ̀ bá dé, ọdọọdún nìlà náà ń lọ sílẹ̀. Egungun rẹ̀ wá gbẹ, ó ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, kò rí Kérésìmesì ọdún náà. Láti ìgbà yẹn ni Twyla ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní na òun mọ́ ògiri láti wọn òun. Àní bí nọ́ọ̀sì bá ní kó wá dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n, á ní kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Rolland. Ó wà lórí ahọ́n ẹ̀ gan-an, ó ku kó là á. Ohun tó jáde ni pé, "Bóyá ìsàlẹ̀ sálúbàtà ẹ ló ti jẹ."

Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń bá a lọ láti máa jẹ búrẹ́dì.

Bí Twyla ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ayé rẹ̀ di kékeré nìyẹn. Ó mú ṣòkòtò dúdú tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gé ínǹṣì méjì kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta gbangba. Ẹlòmíì á ti mọ̀ níbẹ̀ pé nǹkan ò dọ́gba. Twyla ní ojú òun náà ló ti ń lọ, òun ò mọ aṣọ gé mọ́, ìbànújẹ́ wá di méjì. Ó fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ gígùn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Denver, ó ní kó má baà wọ́ nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mú sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, obìnrin tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún ilé ìwé rẹ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ. Rolland á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ìkòkò tó ń ṣubú. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó mọ̀ pé ègé igi mẹ́rìndínlógún ló dá gbogbo ìyà yìí sílẹ̀. Síbẹ̀, òkè náà ti fẹ́ parí, ẹ sì mọ bí nǹkan tó ti fẹ́ parí ṣe máa ń rí lójú ẹni tó ń kọ́ ọ.

Ó parí nínú oṣù kẹwàá. Ìṣó ìkẹyìn tí àwọn oníréluwé bá kàn mọ́lẹ̀, ìṣó wúrà ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, bí ọkọ̀ náà ti wù kó kéré tó. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni ti òkè yìí, tí Rolland fi ọ̀dà wúrà kùn lórí. Delbert àtàwọn méjì míì láti inú ẹgbẹ́ wá sílé, wọ́n yí pátákó náà ká, wọ́n ń gba awò asọǹkandi-ńlá lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n lè rí ìṣó ọ̀hún. Rolland fi ohun tí wọ́n fi ń mú eyín mú un, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tan iná sí i, ọkọ̀ kékeré náà sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ó yí ìpele kìíní, ó wọ ihò, ó yọ, ó ń gun òkè lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi wọ abẹ́ àtíbàbà lókè pátápátá tó sì dúró. Omi kún ojú Rolland. Ì bá dára ká ní bàbá bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Twyla náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní ó rẹwà, ó sì sọ ọ́ látọkàn wá. Ó wá yíjú sí Delbert, ó ní, "Ó dáa tó parí nísinsìnyí. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, màá ti kéré tó láti wọ̀ ọ́."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Rolland ti òkè padà sábẹ́ ibùsùn, Delbert dúró, ó ń wo ibùsùn, ó ń wo Rolland, ó ń wo páálí ìwé ìròyìn. Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá mú. Ó ní kó gòkè padà báyìí báyìí kó lọ sọ òótọ́ fún Twyla. Rolland ní òun ti ní ọgbọ́n míì. Bó ṣe jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lòun gbé e sókè, díẹ̀díẹ̀ lòun máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Twyla á máa ga padà, kò ní sí wàhálà. Delbert wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń bínú pé òkè mi ò jọ òkè. Ó kéré tán, èmi ò purọ́ nítorí ẹ̀." Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Kí ibùsùn tó lè wálẹ̀, òkè ní láti wálẹ̀. Ní Wẹ́sìdé tó tẹ̀ lé e, Rolland mú ayùn pẹlẹbẹ, ó gé góńgó Òkè Kettle kúrò. Ó sunkún, kò sì sí ìtìjú ńbẹ̀. Wẹ́sìdé kejì, àtíbàbà. Ìpele kẹrin tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òkè ti di kùkùté, ọkọ̀ á gùn ún dé ìpele kẹta, á bá etí ọ̀gbun, á dúró. Ibùsùn padà sí ínǹṣì méje rẹ̀. Rolland kó igi mẹ́rìndínlógún náà sísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé láàárín oṣù yẹn ni Twyla ti lọ ra oògùn egungun kan nílé ìtajà oògùn, oníhóró ńlá báyìí, tó ń lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sétí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ. Ó jó wá sí kíṣìnnì. Òótọ́ ni mo ń sọ, ó jó. Ó di Rolland mú, ó fi í yí po lẹ́ẹ̀mejì. Inú Rolland dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbọ́ pé oògùn ọ̀hún ló ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Twyla di alágbàtà oògùn. Ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ẹ̀wù òun padà. Ó sọ fáwọn tí wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́, ó sọ fún obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, èèyàn mẹ́fà ló ra á nítorí ẹ̀. Rolland ń gbọ́, ó ń mi orí, ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé hóró oògùn kò pa ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ Sunday kan, tí wọ́n jókòó ti ẹ̀wà àti ẹran tí wọ́n fi ata tútù sè, tí Twyla fi ayọ̀ sọ pé Jeannie náà ti gbà. Jeannie yìí, dókítà ti yàwòrán egungun rẹ̀, wọ́n ní ó ti fẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sì fẹ́ràn ẹ̀ nítorí ó máa ń jẹ́ kí ara ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Twyla ní, "Mo ní kó wo èmi. Mo ní kó jù ú nù, kó wá lo oògùn tèmi. Ó ti pe ilé ìwòsàn pé òun ò wá gba abẹ́rẹ́ Tuesday mọ́."

Rolland gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Twyla, kì í ṣe oògùn."

"Kí ni kì í ṣe oògùn?"

"Ìwọ ò súnkì. O ò sì ga padà. Ibùsùn ni."

Twyla rẹ́rìn-ín, ó ń dúró de ibi tí àwàdà náà máa parí sí. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó dákẹ́. Rolland dìde, ó lọ gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí wá, ó kó àwọn igi náà jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì ní mẹ́rin mẹ́rin láàárín àwo oúnjẹ. Ó sọ gbogbo ẹ̀, jáàkì, Wẹ́sìdé, ilẹ̀ tó gbàgbé láti kà. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣẹ́ ẹ. Twyla fọwọ́ kan igi tó wà lókè, ó rí i bí wọ́n ṣe kùn ún dáadáa tó.

Ó ní, "Ínǹṣì mẹ́rin. Nínú ayé kékeré tìẹ yẹn, ẹsẹ̀ bàtà mélòó nìyẹn?"

Rolland ò ní láti ṣírò ẹ̀. "Mẹ́tàléláàádọ́rin."

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàléláàádọ́rin lo rì mí sílẹ̀, torí kó o má baà gé òkè."

"Mo ti gé e, Twyla."

"O gé e kí n má baà mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe torí mi." Kò pariwo. Ohùn ẹ̀ tutù, ìyẹn ló dẹ́rù ba Rolland jù. "Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe láràárọ̀? Mò ń dágbére fún ẹsẹ̀ mi. Mò ń rò ó pé ta ló máa gbé mi dìde ní balùwẹ̀. O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, Rolland. Ò ń gbọ́."

Rolland ní kó jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì kéré lẹ́nu rẹ̀.

Twyla ti fóònù sí i. Ó ní kó pe Jeannie, kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, òun ò ní bá a sọ. Rolland pè é. Jeannie gbọ́ ọ parí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín tán, ó sì bú u dáadáa ní èdè Spéènì tí Rolland gbọ́ ìdajì ẹ̀. Láàárọ̀ Monday, ó gba ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn Jeannie, àwọn mẹ́fà yòókù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Rolland tún ìtàn náà sọ fún láti ìbẹ̀rẹ̀, Twyla dúró tì í, ó ká ọwọ́ sí àyà. Obìnrin ìsàlẹ̀ ní òun ò ní fi oògùn òun sílẹ̀ o, òrúnkún òun ò dun òun mọ́, kí Rolland máa gbé ibùsùn rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Twyla ò fi bá a sọ̀rọ̀ kọjá "iyọ̀ dà" àti "ti fèrèsé." Rolland ò fọwọ́ kan pátákó rẹ̀. Ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rìn nínú ilé, ó sì ń rò ó pé bó bá jẹ́ òkè nìkan lòun pàdánù, ì bá ṣe é fara dà.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí oúnjẹ ọ̀sán ṣe wà lórí iná, Twyla pè é sí kíṣìnnì. Ó ti bọ́ bàtà. Ó na ẹ̀yìn mọ́ òpó ilẹ̀kùn, gìgísẹ̀ méjèèjì mọ́ igi, ó wo iwájú gan-an. Ó ní kó lọ mú rúlà àti pẹ́ńsùlù, kó wá wọn òun.

Rolland ní kò pọn dandan. Twyla ní òun mọ ohun tó pọn dandan.

Rolland fa àga kan, ó gùn ún, nítorí láti ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó orí ìyàwó rẹ̀ kó tẹ́ rúlà pẹrẹsẹ. Ó fàlà. Twyla kò kúrò lójú ibi tó dúró sí. Rolland fa téèpù láti ilẹ̀ dé ìlà náà, ó kà á. Ó tún un kà. Ó mọ ohun tó ń retí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà dín ínǹṣì kan, nọ́ńbà tó ti wà lára ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Twyla fún àádọ́ta ọdún. Òun kọ́ ló wà lórí téèpù. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó lè fi pẹ́ńsùlù gbé ìlà náà sókè díẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹni tó lè fi ọgbọ́n ṣe é bíi tiẹ̀.

Twyla ò yíjú. "Mélòó ni?"

"Ó fi ààbọ̀ ínǹṣì dín."

Ìkòkò ń hó lórí iná.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Twyla. Ààbọ̀ ínǹṣì ló dín lóòótọ́."

Ó kúrò lára ilẹ̀kùn, ó yíjú, ó wo ìlà náà. Ó fi ìka kàn án. Ó wò ó pẹ́, Rolland sì dúró lórí àga, kò lè sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dáa," Twyla ní. "Ìyẹn tèmi ni. Èmi àti ìyẹn á máa bá a yí." Ó mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Lẹ́yìn náà ló wá na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ó sì dì í mú ṣinṣin, kó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àga láìṣubú.